"Mọ́mì, ẹ má wá mọ́": ìdáhùn fún ìyá ọmọ tó ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù

Ìyá kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí mi nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà ti ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ kì í sì í pa eré kankan jẹ àfi tí iṣẹ́ bá dá a dúró. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan lára àwọn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ yìí. Lọ́dún yìí tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí wọ́n sì gbé e lọ sórí pápá ńlá, igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́, ó máa ń sunkún nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń darí sílé, ó sì ti wá là á mọ́lẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́." Bàbá rẹ̀ pè é ní àfojúdi. Ìyá wá bi mí pé ṣé kí òun ṣe bí ọmọ ṣe wí, kí ló kù fún òun láti ṣe bí òun bá jókòó sílé, àti pé ṣé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́, èyí tó máa ń lọ gbá eré láti ìlú dé ìlú ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ìyá, èrò tèmi ni pé kí ẹ má jókòó sílé, ṣùgbọ́n kí ẹ má sì lọ mọ́ bí ẹ ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọmọ yín ń béèrè kò tó bí ó ṣe dún létí. Eré yìí fúnra rẹ̀ ni a ṣe lọ́nà tó fi ń ti òbí sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ti ń dàgbà, ẹ sì ti sún sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà láìfura. Ìsúnsẹ́yìn tó kàn báyìí ni ó ń dùn yín, nítorí pé òun ni àkọ́kọ́ tí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù ka orí ọ̀pá rọ́bà kan níwájú rẹ̀ kó lè gbá a láìsí ẹni tó jù ú sí i, àwọn òbí sì wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí ẹnì kan ń so okùn bàtà, tí ẹlòmíràn ń darí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù tán tó sì sáré lọ sí béèsì kẹta (béèsì ni ibi àmì mẹ́rin tí wọ́n ń sá yí ká lórí pápá) dípò àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn sì ń rọ ọmọ tó jókòó láti máa wa iyẹ̀pẹ̀ pé kó dìde. Lẹ́yìn náà ni kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù rọra sí wọn, tí àwọn òbí sì bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri wáyà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn. Ìṣísẹ̀ yẹn ni mo gbà pé ó tóbi jù nínú gbogbo ìgbà èwe ọmọ tó ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, nítorí pé ajubọ́ọ̀lù tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù òun máa bá lọ, ọmọ tó di igi mú níwájú rẹ̀ sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ba ọmọ yín lẹ́yìn tàbí ní apá, òfin eré kàn ní kó rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́ ni. Bóyá ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, bóyá ẹ tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pápá, ṣùgbọ́n kóòṣì ló lọ bá a, ọmọ sì nu ojú rẹ̀, ó sì rìn lọ. Ẹ sún sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó pè é ní àfojúdi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún yìí, nítorí pé mo fura pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un, bóyá kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Nígbà tí Carl Stotz dá Little League, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé, sílẹ̀ ní Williamsport, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lọ́dún 1939, ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ dín pápá kù kó lè bá ẹsẹ̀ àti apá ọmọdé mu. Pápá kékeré yẹn ni ọmọ yín gbá títí di ọdún tó kọjá: ẹsẹ̀ bàtà 60 láti béèsì kan sí èkejì, àti ẹsẹ̀ bàtà 46 láti ibi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí títí dé béèsì ilé níbi tí ẹni tó di igi mú wà. Lórí pápá ńlá, ìwọ̀n tí àwọn tó ń gba owó oṣù níbi eré náà ń lò ló ń bá jà: ẹsẹ̀ bàtà 90 láàárín béèsì, àti ẹsẹ̀ bàtà 60 pẹ̀lú ínǹṣì 6 fún ajubọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ máa ń jù láti béèsì kẹta sí àkọ́kọ́, tó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 85, ti di nǹkan bí 127. Àwọn líìgì kan ní pápá agbedeméjì, 50 fún ajubọ́ọ̀lù àti 70 láàárín béèsì, kí àyípadà náà má bàa wúwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Àyípadà yìí tún bọ́ sí ọdún tí ara àwọn ọmọkùnrin kò bára wọn dọ́gba mọ́ rárá. Nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ óò rí èyí tí irùngbọ̀n ti ń hù, tí ohùn rẹ̀ ti kẹ̀, tó sì lè fi agbára lásán gbé bọ́ọ̀lù kọjá ibi tó jìnnà, ẹ óò sì rí ẹlòmíràn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan náà tó ṣì ní ara ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bí ọmọ yín bá wà nínú àwọn tí ìdàgbàsókè ara wọn pẹ́ díẹ̀, ó lè máa ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe lọ́dún tó kọjá, kó tilẹ̀ máa ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì máa rí èsì tó burú. Ìyẹn máa ń da ọmọ lórí rú, nítorí pé ohun tí gbogbo àgbàlagbà ti ń sọ fún un ni pé bó bá ṣiṣẹ́ takuntakun, á máa sàn sí i. Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí kò sí eré, pé pápá ló tóbi sí i, pé kì í ṣe òun ló bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà béèsì kan sí èkejì lórí pápá kékeré, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lórí ti ńlá. Ìyẹn máa yé ọmọ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìdí tí kò fi fẹ́ rí yín níbẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kí ọmọ rí ibi sá pamọ́ sí. Nínú àwọn eré mìíràn tí wọ́n ń gbá ní ẹgbẹ́, ọmọ tí kò ṣe dáadáa lè wọnú èrò, kí àṣìṣe rẹ̀ sì bọ́ mọ́ àṣìṣe àwọn tó kù. Níhìn-ín, bó bá ti kan ọmọ láti di igi mú, gbogbo eré náà dúró dè é, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀ nìkan. Bó bá gba sítráìkì mẹ́ta, ìyẹn bí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó gbá bá ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun nìkan ló máa rìn padà sí ibi ìjókòó, iwájú gbogbo ènìyàn ló sì máa gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkùnà ni oúnjẹ òòjọ́ eré yìí. Ẹni tó bá kan bọ́ọ̀lù tó fi dé béèsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá láàárín àwọn tó ń gba owó ńlá ni à ń pè ní ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀méje tó kù sì ni wọ́n fi gbé igi wọn padà. Ted Williams, ọ̀kan lára irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kọjá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ́dún 1941, tó jẹ́ .406 ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, láti ọdún náà sì ni kò ti sí ẹnikẹ́ni nínú American League tàbí National League, líìgì ńlá méjèèjì ti Amẹ́ríkà, tó tún dé ibẹ̀ ní odidi sáà kan. Àgbàlagbà lè fi òye gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó jẹ́ pé ohun tó ń rò jù lójoojúmọ́ ni ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo òun, gbọ́dọ̀ kọ́ ọ pẹ̀lú ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú omijé pàápàá.

Ibi tí ẹ ti wọ inú rẹ̀ nìyí. Bó bá ti gba sítráìkì kẹta, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kó gbé ojú sókè wo ibi tí ẹ wà. Ẹ wo àwọn ọmọ tó kù, ẹ óò rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ojú sì lọ̀rọ̀ wà: bí ẹ bá di ojú yín mú, bí ẹ bá mi orí, bí ẹ bá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ tí àánú hàn nínú rẹ̀, ọmọ ti kà á tán kó tó dé ibi ìjókòó. Ní àsìkò yẹn, ẹrù méjì ló gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù ìkùnà tirẹ̀ àti ẹrù ìbànújẹ́ yín, èkejì yìí ni kò sì mọ bí òun ṣe máa gbé. Nígbà tó ní kí ẹ má wá mọ́, ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò lè máa ṣọ́ bọ́ọ̀lù kó tún máa ṣọ́ inú yín. Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé àfojúdi kọ́. Ọmọ tó ń fojú di òbí kì í sọ pé ẹ jọ̀ọ́.

Ti ohùn tún wà níbẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n máìlì 65 ní wákàtí kan láti ẹsẹ̀ bàtà 60, kò ní ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di igi mú. Nínú àkókò yẹn ni ọmọ máa rí bọ́ọ̀lù, tó máa mọ irú èyí tó jẹ́, tó máa pinnu bóyá òun máa gbá a, tó sì máa yí gbogbo ara rẹ̀ sí i. Àárín èyí ni bàbá máa ń ju ọ̀rọ̀ sí láti ẹ̀yìn wáyà: "Wo bọ́ọ̀lù!" "Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè!" Ọmọ kankan kò sí níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni kí òun wò. Ní ti ìgbọ̀nwọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun mìíràn pátápátá ni kóòṣì ń kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ á sì wà láàárín ohùn ẹni méjì tó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì má kọ́ ọ ní ohunkóhun láti ibi ìjókòó mọ́. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́, ẹ lè yin ọmọ ẹlòmíràn ní orúkọ, ẹ lè dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan, ní ìrọ̀lẹ́ tí ara ti tù ú: "Nínú ohun tí mo máa ń ṣe níbi eré, èwo ni kò wù ọ́?" Ẹ jẹ́ kó sọ, ẹ má sì gbèjà ara yín. Ìdáhùn tí àwọn ọmọ sábà máa ń fún mi kò tó nǹkan rárá: kí Mọ́mì má pe orúkọ ìnagijẹ mi, kí wọ́n má dúró sí ẹ̀yìn ibi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má bá kóòṣì sọ̀rọ̀, kí wọ́n má gbé fóònù sókè. Bó bá sọ irú èyí, ẹ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé àga yín lọ sí ìkángun pápá, lẹ́yìn ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà jíjìn wà. Ìbòòji sábà máa ń wà níbẹ̀, ariwo kì í sì í pọ̀, ẹ óò sì rí gbogbo eré náà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé kò fẹ́ rí yín rárá, ẹ fún un ní eré méjì tàbí mẹ́ta kí ó nìkan lọ, kí ẹ sì tún béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí irú èyí, àwọn tí wọ́n fún láyè ló ń pe òbí wọn padà fúnra wọn.

Ọkọ̀ ni mo bẹ̀rù jù, ju pápá lọ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti máa ń tì, tí ọmọ kò lè dìde kúrò, tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, tí òbí sì ti tọ́jú ọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí méjì. Ẹ má sọ nǹkan kan nípa eré náà nínú ọkọ̀, kódà bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ rere, kódà bó bá ṣe dáadáa. Ẹ bi í bí ebi bá ń pa á. Ẹ jẹ́ kó yan orin. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún tán, nítorí pé ẹkún lẹ́yìn eré kì í ṣe àìsàn, ó sì lè jẹ́ àmì pé nǹkan náà jẹ ọmọ lọ́kàn gan-an. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá káwọ́ sókè là ń gbé. Yóò káwọ́ sókè lọ́jọ́ tó bá fẹ́, bóyá ní ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ ronú nípa béèsìbọ́ọ̀lù mọ́, tó máa kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Bọ́ọ̀lù kẹta yẹn, mo rò pé ó máa ga ni." Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà náà, ẹ sì bi í pé kí ló rí.

Ẹ bi mí pé kí ló kù fún yín láti ṣe. Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ kò lè ṣe fún ara rẹ̀, tí kóòṣì kò ní ṣe tán, tí ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìpàtẹ́wọ́ lọ: ẹ máa ka iye bọ́ọ̀lù tó ń jù. Ẹ kọ̀wé pé ajubọ́ọ̀lù ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé ó sì máa ń dúró lẹ́yìn béèsì ilé láti mú bọ́ọ̀lù ní àwọn ọjọ́ mìíràn. Iṣẹ́ méjèèjì ló ń lo apá. Òfin Little League ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún má ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 95 lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí kò tíì ju mẹ́rìnlá lọ, bó bá ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún jù. Bí ọmọ bá ti ju 41 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ fi í sẹ́yìn béèsì ilé mọ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n líìgì kọ̀ọ̀kan ń ka bọ́ọ̀lù tirẹ̀ nìkan. Bí ọmọ bá ju 70 fún ẹgbẹ́ àdúgbò ní ọjọ́ Ẹtì, tó sì ju 60 fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ọjọ́ Àìkú, kò sí ìwé kankan níbì kan tó sọ pé òfin ti rú, àfi ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé egungun ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò tíì gbó. Ní inú ìgbọ̀nwọ́ àti ní èjìká, ibi tí egungun ti ń gùn ṣì rọ̀, ìjù àjùtúnjù láìsinmi sì máa ń fà á títí tó fi máa wú tàbí tó máa ya díẹ̀. Lọ́dún 1974, dókítà Frank Jobe ṣe iṣẹ́ abẹ fún Tommy John, ajubọ́ọ̀lù kan tí iṣan inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti já. Àgbàlagbà tó ti jù bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ṣe é fún nígbà náà, ṣùgbọ́n lónìí, àwọn ọmọ tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà náà ń gba iṣẹ́ abẹ kan náà. Bí ọmọ yín bá sọ pé ìgbọ̀nwọ́ ń dun òun, bó bá ń di í mú láàárín eré, tàbí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ṣàdédé ń lọ sókè ju ibi tó fojú sí lọ, ẹ má fún un lóògùn ìrora kí ẹ sì dá a padà sórí pápá. Ẹ dá a dúró, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Níbí yìí nìkan ni mo ti fẹ́ kí ẹ wọ inú pápá láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tàbí kóòṣì. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Èyí ló jẹ́ kí n lè dáhùn ìbéèrè yín ìkẹyìn, nípa ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. N kò lòdì sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ó wù dénú, tí wọ́n ń rí ọ̀rẹ́ gidi níbẹ̀, tí kóòṣì ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ti líìgì àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi oṣù kún oṣù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn Pitch Smart, tí àwọn dókítà ràn Major League Baseball, àjọ líìgì ńlá àwọn tó ń gba owó níbi eré náà, lọ́wọ́ láti ṣe, ní kí ọmọ ọjọ́ orí yìí lo ó kéré tán oṣù mẹ́rin lọ́dún láìju bọ́ọ̀lù, kí oṣù méjì sí mẹ́ta nínú rẹ̀ sì tẹ̀léra. Ẹ bi olórí ẹgbẹ́ náà léèrè pé oṣù wo ni wọ́n ń sinmi, ta ló ń ka bọ́ọ̀lù, àti kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ń gbá fún ẹgbẹ́ méjì. Bí kò bá lè fèsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíá, ẹ gbé orúkọ ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí sáà yìí parí ná. Kó má dáwọ́ dúró láàárín, nítorí pé àwọn ọmọ yòókù nínú ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé e, kó má sì ṣèlérí fún ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń bàjẹ́. Kí ẹ gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ síbi tó ti lè rí i, kí ẹ má sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kankan fún oṣù kan ó kéré tán. Bí ó bá gbé ìbọ̀wọ́ náà fúnra rẹ̀ láti lọ ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wù ú. Bí kò bá gbé e, ẹ bi í ní gbangba, níwájú bàbá rẹ̀, bóyá ó ṣì fẹ́ gbá, kí ẹ̀yin méjèèjì sì ti fi ẹnu kò ṣáájú pé ohunkóhun tó bá sọ ni ẹ máa gbà.